Àwọn Òfin Ubaydullah

Lọ́jọ́ tí wọ́n sin Ubaydullah ní Ìsàlẹ̀ Èkó, kí yẹ̀pẹ̀ sàréè tó gbẹ, Bàbá Bùsàrí, olórí ẹbí, pe opó rẹ̀ sí kọ̀rọ̀.

"Àlímọ̀t, ìyá ọkọ rẹ kò gbọdọ̀ gbọ́. Wọn kì í túfọ̀ ọmọ fún ìyá arúgbó. Bí wọ́n bá gbọ́, òkú méjì la ó sin."

"Bilqis ńkọ́, bàbá? Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló kú."

"Bilqis tí ojú rẹ̀ kì í pa àṣírí mọ́? Ṣebí ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni Màmá ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù! Fi í sílẹ̀ jàre."

Etí Màmá Ganiat ti di, wọn kì í gbọ́ fóònù mọ́. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì sì ni wọ́n, àtẹ̀jíṣẹ́ ni wọ́n fi ń kí ọmọ wọn láràárọ̀. Bí ìdáhùn kò bá dé, wàhálà dé nìyẹn. Àlímọ̀t gbìyànjú láti dáhùn lórúkọ ọkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré. Ẹkún gbà á lọ.

Ìgbà náà ló rántí irinṣẹ́ àtijọ́ ọkọ rẹ̀. Kí àwọn ẹ̀rọ tó ń sọ̀rọ̀ bí èèyàn tó gbòde, Ubaydullah ti ń fi irinṣẹ́ yẹn kọ́ kọ̀ǹpútà lọ́gbọ́n àwọn àgbà tó mọṣẹ́. Ó ṣófo bí ìkòkò tuntun, òfin ni wọ́n ń kó sínú rẹ̀: bí báyìí bá ṣẹlẹ̀, sọ báyìí. Ọgbọ́n dókítà arúgbó kan ló kọ́kọ́ fi gbà sílẹ̀. Abẹ́ òfin kọ̀ọ̀kan, dandan ni kí wọ́n kọ ìdí rẹ̀. Ẹni tó bá bi ẹ̀rọ náà pé "Nítorí kí ni?", yóò rí òfin àti ìdí. Nínú pálọ̀ ilé wọn ló ti kọ́ ìyàwó rẹ̀ àti Bilqis àbúrò rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń lò ó, tó ń pariwo mọ́ wọn pé òfin tí kò ní ìdí, irọ́ ni.

Àlímọ̀t wà nínú opó, kò lè jáde. Haleem tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní CMS ló wá bá a so irinṣẹ́ náà mọ́ fóònù olóògbé. Àlímọ̀t kó òfin sínú rẹ̀: bí Màmá bá kí i, kí ó kí wọn padà, bí wọ́n bá béèrè oúnjẹ, kí ó ní òun ti jẹ ẹ̀bà, bí wọ́n bá béèrè ìgbà tí yóò wá, kí ó ní láìpẹ́, Inṣá Allahu.

Háà, ó ṣiṣẹ́! Ó ṣiṣẹ́ débi pé ẹ̀rù ba Àlímọ̀t. Láràárọ̀ ló ń jókòó tì í, tó ń wo ọkọ rẹ̀ bó ṣe ń bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀.

"Àkànní, ṣé o jí ire?"

"Mo jí ire, Ìyá mi. Ara yín ńkọ́?"

"A dúpẹ́. Ṣé o ti jẹun?"

Màmá kò ṣàwàdà mọ́ bíi tàtijọ́. Ọjọ́ ogbó ni, Àlímọ̀t sọ fún ara rẹ̀. Bilqis náà kì í pè mọ́, ìyẹn sì tù ú lára, nítorí irọ́ tí yóò pa dín kù.

Àwọn tó ń wá kí i ti lọ tán, ilé dá wáí. Kò sẹ́ni tó tún ń béèrè bóyá ẹnikẹ́ni jẹun nínú ilé náà, àfi Màmá. Bí ìbéèrè yẹn bá wọlé, Àlímọ̀t fúnra rẹ̀ á dìde, á lọ gbé omi kaná. Ó wá fẹ́ràn arúgbó náà ju bó ṣe fẹ́ràn wọn tẹ́lẹ̀ lọ, irọ́ náà sì ń jẹ ẹ́ lọ́kàn.

Láàárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ kan, ó ní ó tó gẹ́ẹ́. "Irọ́ tó lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan lòótọ́ ń bá a. Kí Bàbá Bùsàrí bínú, kò burú." Ìbéèrè oúnjẹ wọlé. Ó pa kọ̀ǹpútà kí ó tó dáhùn, ó mú fóònù lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n kí ó tó ba ayé arúgbó náà jẹ́, ó wù ú kí ó gbọ́ ọ̀rọ̀ ìfẹ́ kan ṣoṣo lẹ́nu wọn. Ó tẹ̀ ẹ́ pé, "Nítorí kí ni?"

Ìdáhùn wọlé kíá: "Òfin kẹta: bí bọ̀ọ̀dá mi bá ti kí Màmá, bi wọ́n bóyá wọ́n ti jẹun. Ìdí: ẹ̀jẹ̀ ríru ń bá bọ̀ọ̀dá mi jà, wọn kò gbọdọ̀ mọ̀ pé a ti sin Màmá."