Kíndìnrín Ìbídùnní

Láràárọ̀ ni Adégòkè máa ń po oògùn kan mọ́ omi, tí á sì gbé e mu bí ẹni mu ẹ̀kọ. Lójú, ìyẹ̀fun lásán ni. Ṣùgbọ́n tó bá ti wọnú ara, á máa so mọ́ra, á máa mọ ara rẹ̀ ró bí ẹni ń mọlé. Ó ti mọ kíndìnrín tuntun dé ìdajì nínú Adégòkè báyìí.

Inú ń bí Ìbídùnní, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, bó ṣe jókòó tì í. Kíndìnrín tirẹ̀ ni wọ́n yọ fún àbúrò rẹ̀ yìí nígbà tí ikú ń wá a kiri. Kò sí òde tí Adégòkè kì í ti í nàka sí i pé, "Ìyá mi kejì rèé." Àmọ́ níbi ìkómọ tí wọ́n lọ kẹ́yìn, ìyẹ̀fun ló ń ròyìn fún gbogbo èèyàn. Ìyẹ̀fun!

"Tèmi wá ń kọ́?" ni Ìbídùnní bi í. "Ṣé kò ṣiṣẹ́ mọ́ ni?"

"Ó ń ṣiṣẹ́, ẹ̀gbọ́n mi. Ó ti rẹ̀ ẹ́ ni. Dókítà ní oògùn yìí ló máa tú u díẹ̀díẹ̀, wọn ò tiẹ̀ ní fi abẹ kàn mí."

"Tó bá tú u, ibo ló máa gbà jáde?"

Adégòkè wolẹ̀. "Ẹ má bínú o. Ìtọ̀ ni yóò bá jáde."

Ó dìde, ó wọ ilé ìtọ̀ lọ. Ìbídùnní fọwọ́ bo ojú àpá tó wà ní ìhà rẹ̀. Láìpẹ́, ó gbọ́ tí omi ya wàà nílé ìtọ̀, tó gbé ìtọ̀ náà lọ.