Ìṣẹ́jú Kan Tí Òjétúndé Fi Ṣe Kóòṣì

"Ẹ gbé ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù yìí lé mi lọ́wọ́ fún ìṣẹ́jú kan péré, kí ẹ wá wòran!"

Ọdún mẹ́sàn-án ni Òjétúndé ti ń fọ́nnu báyìí nílé ìwòran Ìyá Àbẹ̀ní ní Ìkìrun. Lọ́jọ́ àṣekágbá, ẹgbẹ́ náà ṣẹ́ kèké láti yan òǹwòran kan tí yóò ṣe kóòṣì fún ìṣẹ́jú kan, kèké sì mú un. Wọ́n gbé ẹ̀rọ ìsọ̀rọ̀ lé e lọ́wọ́: ohunkóhun tó bá sọ, etí agbábọ́ọ̀lù mọ́kànlá ni yóò bọ́ sí, dandan sì ni kí wọ́n ṣe é.

Ọ̀mì ni wọ́n ṣì ń ta. Kó tó lanu, gbogbo ilé ti ya bò ó.

"Bọ̀ọ̀dá Òjé, ẹ yọ ọ̀lẹ tó wọ nọ́ńbà méje yẹn!"

"Mojí, sìnímá ẹlẹ́kún lo mọ̀, gbẹ́nu ẹ dákẹ́!"

"Àgbàyà! Bọ̀ọ̀dá Òjé, ẹ sọ̀rọ̀, àkókò ń lọ!"

Ẹnìkan já fìlà rẹ̀ gbà. Òjétúndé bú bí àrá sínú ẹ̀rọ náà:

"Gbogbo yín pátá, ẹ jáde!"

Nínú amóhùnmáwòrán tó wà lára ògiri, àwọn agbábọ́ọ̀lù mọ́kànlá wo ara wọn, wọ́n tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́, wọ́n sì fi pápá sílẹ̀. Ẹgbẹ́ kejì rọra yí bọ́ọ̀lù sínú àwọ̀n tí kò ní aṣọ́lé.

Ìyá Àbẹ̀ní mú ìgbálẹ̀.

"Ẹ̀yin náà, ẹ máa lọ. Mo fẹ́ gbálẹ̀."