Àkòko Keje

Tíṣà Ojúadé hú àkòko mẹ́fà nínú igbó, ó gbìn wọ́n yí ọgbà rẹ̀ ká. Inú ìyàwó rẹ̀ kò dùn sí i.

"Àkòko kì í dá tò sínú igbó. Ahoro ilé ẹnìkan lẹ lọ tú yẹn."

"Ṣé kí n wá jẹ́ kí ó ṣòfò síbẹ̀ ni?"

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí àwọn àkòko náà kọ́kọ́ tanná, Tíṣà ń bomi rin wọ́n nígbà tó gbọ́ tí ẹnìkan ń gbálẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ó yíjú padà, kò rí èèyàn, ṣùgbọ́n ipa ọwọ̀ wà nílẹ̀ títí dé ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó sáré lọ sẹ́nu ọ̀nà. Àkòko keje ló dúró síbẹ̀, ó kún fún òdòdó. Tíṣà rìn yí ọgbà po, kò rí àlàfo kankan tó lè gbà jáde.

"Bàbá Dúrótolú! Níbo lẹ wà?" Ìyàwó rẹ̀ ló ń pè é lẹ́yìn ewé.

"Mo wà níbí!" ni Tíṣà ké.

"Ọkùnrin yìí tún ti jáde láìdágbére," ni obìnrin náà kùn, ó sì wọlé lọ.

Ọwọ́ arúgbó kan yọ láàárín ewé, ó gbé igbá omi dání.

"Ẹ káàbọ̀, àlejò wa. Ẹ mumi. Ilẹ̀ ti ṣú, ọ̀dọ̀ wa lẹ ó sùn."