Àmínát àti Omi Tó Mọ́ Gaara

Kí la ti mọ̀ nípa ẹja? Ẹni tó bá ń ra ẹja lọ́jà yóò ní ẹyin ni ẹja ń yé. Òótọ́ ni, àmọ́ kì í ṣe gbogbo wọn. Ọ̀kan wà tí wọ́n ń pè ní mọ́lì, tí àwọn èèyàn ń sìn sínú àpótí gíláàsì nínú ilé. Ọmọ ààyè ni èyí ń bí, ọmọ tí kò ju irun ìpéǹpéjú lọ. Ẹ má fi ìtàn yìí sílẹ̀ lágbedeméjì o. Ẹ bá mi kà á tán, nítorí ìparí rẹ̀ ni ẹ̀kọ́ wà.

1.
Àmínát ń dirun fún èèyàn ní Ajégúnlẹ̀. Yàrá rẹ̀ kọjú sí ti Philomena, opó tí gbogbo ilé ń pè ní Màmá Collins. Collins, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, ló ra àwọn ẹja mọ́lì inú yàrá ìyá rẹ̀ kí ọkọ̀ àjàgbé tó pa á ní Liverpool Road. Láti ìgbà náà ni ìyá ti ń tọ́jú wọn, tí ìran kan ń kú tí òmíràn ń rọ́pò rẹ̀. Ní báyìí, ó ku abo dúdú kan péré. Akọ ti kú, ṣùgbọ́n abo ti lóyún.

Àkókò yẹn gan-an ni ọjọ́ iṣẹ́ abẹ ojú Màmá Collins pé. Ó pe Àmínát wọlé.

"Ọmọ mi, omi yìí ti di àwọ̀ ewé, àbí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀. Abẹ́ ewéko inú omi yẹn ni àwọn ọmọ máa sá sí. Tó bá ti bí wọn, ìyá wọn gan-an lè gbé wọn mì. Fi ife bu ìyá sínú abọ́ yìí, pẹ̀lú omi inú àpótí. Má da omi tuntun sí i o. Abeg, no touch any other thing."

"Ẹ fọkàn balẹ̀, mà."

"Àwọn ọmọ yẹn ni mo fẹ́ kọ́kọ́ rí tí wọ́n bá ṣí ojú mi. Ohun tó kù fún mi lára Collins nìyẹn."

2.
Adaobi, akọ̀wé ní ọ́fíìsì kan ní Wharf Road, wá dirun ní ṣọ́ọ̀bù Àmínát. Àmínát fi àwòrán ẹja hàn án.

"Àmínát, ẹja wo ló wà nínú ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ yìí?"

Gbogbo ṣọ́ọ̀bù bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ náà wọ Àmínát lára, nítorí ó ti kéde lórí Wàsáàpù pé òun ti di ọ̀gá nínú ẹja sísìn.

"Ẹ máa rẹ́rìn-ín lọ. Ẹ ó rí fídíò lọ́la. Omi á mọ́ bíi díńgí!"

3.
Màmá Collins ti lọ sí ọsibítù nígbà tí Àmínát ṣílẹ̀kùn yàrá rẹ̀ lọ́jọ́ kejì, ẹja sì ti bímọ. Ojú kéékèèké ń dán láàárín ewé. Ó yẹ kó mú ife. Fóònù ló mú.

Ewé kò jẹ́ kí fídíò mú nǹkan kan. Ló bá fa gbogbo ewé náà jáde.

Àwọn ọmọ fọ́n káàkiri, wọn kò ríbi sá sí. Ìyá wọn yí padà. Ó gbé ọ̀kan mì. Ó gbé òmíràn mì.

"Yéè! Irú ìyá wo nìyí?" Àmínát sáré bu ìyá sínú abọ́.

Ká ní ó dúró níbẹ̀, ọ̀pọ̀ ọmọ ì bá ṣì wà láàyè. Ṣùgbọ́n ìdọ̀tí ìdí ewé ti ru sókè, ẹ̀rín Adaobi sì ń dún létí rẹ̀.

Ẹ̀yin ará Ajégúnlẹ̀ mọ ohun tí à ń ṣe sí omi kànga tó pọ́n: álọ́ọ̀mù, òkúta funfun yẹn, la fi ń rò ó, ìdọ̀tí á sì rọlẹ̀. Irú omi tí wọ́n ti fi álọ́ọ̀mù rò bẹ́ẹ̀ ló kún kẹ́ẹ̀gì Àmínát. Ó bu omi àtijọ́ dà nù títí ó fi ku díẹ̀ tí àwọn ọmọ wà nínú rẹ̀, ó da tuntun sí i. Kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ó mú ègé álọ́ọ̀mù, ó fi ro inú àpótí. Ó tún bu díẹ̀ sínú abọ́ ìyá ẹja, kí omi ibẹ̀ náà lè mọ́.

Omi mọ́ gaara. Ó ya fídíò, ìyìn sì ń wọlé wìtìwìtì. Kò sẹ́ni tó béèrè ìdí tí gbogbo ẹja fi wà lókè omi, tí wọ́n ń lanu. Álọ́ọ̀mù ti sọ omi di kíkan, ó ti ń jó wọn níbi tí wọ́n fi ń mí.

Kí oòrùn tó wọ̀, kò sí èyí tó ń mira mọ́, àti ìyá, àti ọmọ.

4.
Àmínát kó òkú wọn dà nù, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni títí Màmá Collins fi ti ọsibítù dé. Ìyá kò tiẹ̀ jókòó. Iwájú àpótí ló gbà lọ.

"Àmínát, omi yìí mà mọ́ o."

Àmínát fa àga kan sún mọ́ ọn.

"Mo rí òkúta ìsàlẹ̀. Mo rí ògiri tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ojú mi ti là!" Ó tẹ iwájú orí mọ́ gíláàsì. "Àwọn ọmọ dà?"

"Mà, ẹ dárí jì mí. Mo fẹ́ kó mọ́ ni."

Ìyá náà wo inú omi pẹ́.

"So Collins don go finish."

Ó tú gèlè orí rẹ̀, ó fi bo àpótí náà.

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ ṣọ́ra. Omi tó mọ́ lójú èèyàn lè jẹ́ májèlé fún ẹja. Ohun tí wọ́n bá fi síkàáwọ́ yín, ẹ ṣe é bí olóhun ṣe ní kẹ́ ẹ ṣe é, ẹ má ṣe é bí òǹwòran ṣe fẹ́. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko bí ojú ẹja.

Tí ẹ bá ní ẹja nílé, ẹ bu omi tí ẹ kò fi nǹkan kan sí sínú báàfù lónìí, kẹ́ ẹ gbé e kalẹ̀ láìbò ó. Tó bá di ọ̀la, ẹ bu ife kan kúrò nínú àpótí, kẹ́ ẹ fi ife kan láti inú báàfù rọ́pò rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ jókòó, kẹ́ ẹ wo bí àwọn ọmọ ẹja ṣe ń mí, kẹ́ ẹ tó bu èkejì.