Òòfà Abẹ́ Ìrọ̀rí

"Iná tún ti gbé wọn!" nọ́ọ̀sì kígbe. Bàbá ta gìrì lórí bẹ́ẹ̀dì bí ẹni tó fọwọ́ kan wáyà. Ẹ̀rọ tí wọ́n rì sí télọ̀ àgbà náà láyà ni. Bí ọkàn rẹ̀ bá ti ń ṣe ségesège, á fi iná jí i. Àmọ́ ikú ti dé tán, ẹ̀rọ ò jẹ́ kó lọ jẹ́ẹ́.

"Àǹtí, ẹ jẹ́ ká pa ẹ̀rọ yìí," nọ́ọ̀sì bẹ ọmọ télọ̀.

"Kí wọ́n lè kú?"

"Òun kọ́ ló ń mú wọn mí. Ìyà lásán ló ń fi jẹ wọ́n."

Iná tún gbé Bàbá. Ọmọ wo ilẹ̀kùn, ó wo fèrèsé, kò ríbi sá sí. "Ó tó. Ẹ pa á."

"Ọ̀la lẹni tó máa pa á máa dé. Ká gbé òòfà lé wọn láyà, kò ní gbé wọn mọ́. Ṣùgbọ́n ẹ ti ń kọ̀ ká pa á, ìdí nìyẹn tí mi ò fi gbé òòfà ọsibítù wá."

Ọmọ káwọ́ lérí. Òòfà tí Bàbá fi ń ṣa abẹ́rẹ́ nílẹ̀ ṣọ́ọ̀bù, òun fúnra ẹ̀ ló jù ú nù, nígbà tí dókítà ní kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ àyà wọn.

Bàbá tọwọ́ bọ abẹ́ ìrọ̀rí, ó fà á yọ. Abẹ́rẹ́ méjì ṣì lẹ̀ mọ́ ọn.

"Inú pàǹtí ni mo ti yọ ọ́. Télọ̀ wo ló ń ju òòfà nù?"

"Bàbá! Kí ló dé tẹ́ ò gbé e lé àyà látọjọ́ yìí?"

Bàbá fi í lé e lọ́wọ́.

"Ìwọ ni mò ń dúró dè."