Ife Mọ́kànlá Tí Marcella Kó Sínú Páálí

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ka ìtàn yìí dé ìdajì kí ẹ pa á tì. Ẹ kà á tán, pàápàá ẹ̀yin tí òbí yín ń dá gbé.

1.

Ṣọ́ọ̀bù kan ṣoṣo ló wà ní Tansy Hollow, ìlú kékeré kan láàárín àwọn òkè Vermont, ní Amẹ́ríkà. Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí wọ́n ti kọ́ ọ. Ìṣó, wàrà, bàtà òjò, oògùn orí fífọ́, lẹ́tà tó wá láti òkèèrè, ibẹ̀ lẹ ó ti rí gbogbo rẹ̀. Nígbà tí ẹsẹ̀ Hester Colby, ìyá arúgbó tó ń tajà níbẹ̀, kò gbé e mọ́, wọ́n ti ilẹ̀kùn pa fún ọdún mẹ́fà.

Marcella Haskins, ọmọ ìlú náà, ló padà wálé láti ṣí i. Gbogbo ìlú bá a kun ún. Alden, bàbá rẹ̀, ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ kan pákó ilẹ̀ tuntun.

Ìkọ́ mọ́kànlá wà lára ògiri ẹ̀yìn káńtà, ife mọ́kànlá sì so rọ̀ lórí wọn. Àwọn àgbà tó ń dá gbé lórí òkè ló ni wọ́n, Alden náà sì wà lára wọn. Láràárọ̀, kálukú á wá mú ife tirẹ̀, á bu kọfí, á jókòó ti sítóòfù tí wọ́n ń fi igi dá kí ilé lè gbóná.

Nígbà tí Hester ń kó kọ́kọ́rọ́ lé Marcella lọ́wọ́, ó ní, "Gbọ́ mi. Tí agogo mẹ́sàn-án bá lù, wo ògiri. Ife tó bá ṣì so níbẹ̀, rán èèyàn lọ sílé ẹni tó ni ín."

"Tó bá jẹ́ pé ó sùn gbàgbé ńkọ́, Màmá?"

"Á bú ẹni tó jí i. Jẹ́ kó bú u."

2.

Ọdún kìíní dára. Nígbà tó di ọdún kejì, àwọn àlejò tó ń wá fi pákó tí wọ́n dè mọ́ ẹsẹ̀ yọ̀ lórí òjò dídì bẹ̀rẹ̀ sí í ya bo ṣọ́ọ̀bù. Obìnrin kan lára wọn rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ibí yìí rẹwà o, àmọ́ ó jọ ilé ìtọ́jú arúgbó."

Ọ̀rọ̀ náà wọ Marcella lára. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ó ti gbé sítóòfù jáde, ó gbé bẹ́ǹṣì jáde, ó kó ife mọ́kànlá sínú páálí. Ó to àbẹ́là olóòórùn dídùn sí ààyè wọn.

Alden wọlé láàárọ̀ ọjọ́ kejì.

"Ife mi dà?"

"Ó wà nínú páálí, Dádì. Mo ti ra ife bébà. Ìyẹn mọ́ jù."

"Mi ò bi ẹ́ ní ti mímọ́. Ibo ni kí n jókòó?"

"Ẹ ò rí i pé àwọn oníbàárà ń wọlé ni? Ẹ gbé e lọ mu nínú ọkọ̀ yín."

Alden wo pákó tó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. "Mi ò mọ̀ pé ọ̀nà àtijáde ara mi ni mò ń tẹ́."

Ó jáde. Kò wá lọ́jọ́ kejì, kò wá lọ́jọ́ kẹta. Àwọn mẹ́wàá yòókù náà fọ́n ká lọ́kọ̀ọ̀kan.

Hester fi ọ̀pá rìn wá. "Ta ló ń wo ògiri báyìí?"

"Màmá, gbogbo wọn ló ní tẹlifóònù."

"Tí ìjì bá já wáyà ńkọ́?"

"Ayé ti yàtọ̀ sí tiyín, Màmá Hester."

"Ayé lè yàtọ̀. Òtútù ò yàtọ̀."

3.

Ní oṣù Fẹ́búárì, òjò dídì rọ̀ fún ọjọ́ méjì gbáko. Ṣọ́ọ̀bù kún fọ́fọ́. Bí bàbá rẹ̀ bá sọ sí Marcella lọ́kàn, á ní, "Ó ṣì ń bínú. Tí inú rẹ̀ bá rọ̀, á wá." Àwọn ará ìlú náà ní, "Alden? Ọmọ rẹ̀ ló ni ṣọ́ọ̀bù. Ó ní láti máa rí i."

Lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀, Royce Tatro, tó ń fi ọkọ̀ kó òjò dídì kúrò lójú títì, wọlé.

"Royce, ti ilẹ̀kùn. Òtútù ń wọlé."

Royce kò tì í. "Ìgbà wo lo rí bàbá ẹ kẹ́yìn?"

"Kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Ìgbà wo, Marcella?"

Ó ṣírò. Ọjọ́ méjìlá.

"Kò sí ipa ẹsẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀," ni Royce wí. "Èéfín ò jáde. Wọ ẹ̀wù ẹ."

Inú ahéré igi ìdáná ni wọ́n ti bá Alden. Ó ti ṣubú, egungun ìbàdí rẹ̀ ti ṣẹ́. Ó ti fi ìgúnpá wọ́ ara rẹ̀ dé ibi tó kù díẹ̀ kó kan ilẹ̀kùn, ó fa àpò òfìfo bo ara. Dókítà ní ó wà láàyè fún ọjọ́ méjì níbẹ̀ kó tó kú.

"Tí ẹnì kan bá ti dé láàárọ̀ ọjọ́ kìíní ńkọ́?" Marcella béèrè.

Dókítà ń palẹ̀ àpò rẹ̀ mọ́.

4.

Àwọn ará ìlú bọ Marcella lọ́wọ́ níbi ìsìnkú Alden. Kò sẹ́ni tó bú u. Ṣùgbọ́n wọn kò wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ mọ́. Ìlú kejì ni wọ́n ń lọ ra wàrà. Nígbà tí òjò dídì yọ́, tí ọ̀nà di ẹrọ̀fọ̀, àwọn àlejò náà dáwọ́ wíwá dúró.

Marcella lọ bá Hester. "Màmá, ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n."

"Kí ni kí n sọ?"

"Ẹ ní kí wọ́n má bínú sí mi mọ́."

"Wọn ò bá ẹ jà, ọmọ mi. Ẹ̀rù ẹ ló ń bà wọ́n. Wọ́n ní ẹni tó lè gbàgbé bàbá rẹ̀ lè gbàgbé ẹnikẹ́ni."

Oṣù Júùnù ni wọ́n tún ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù náà pa. Marcella ṣì ń gbé ní ìlú náà. Láràárọ̀ ló ń rìn láti ilé dé ilé lórí òkè, tó ń kan ilẹ̀kùn àwọn àgbà. Àwọn kan ń dá a lóhùn. Àwọn kan á dákẹ́ títí yóò fi kọjá.

Ẹ̀yin tí ẹ ka ibí yìí, mo bẹ̀ yín. Tí ẹ bá ń tún ohun àtijọ́ ṣe, ẹ kọ́kọ́ bi àwọn àgbà léèrè iṣẹ́ tó ń ṣe kí ẹ tó yọ ohunkóhun kúrò níbẹ̀. Tí ẹ̀yin àti òbí yín bá sì jà, ẹ má dúró de ìgbà tí inú wọn á rọ̀. Ẹ lọ kan ilẹ̀kùn wọn lónìí, nígbà tí wọ́n ṣì lè bú yín.