Orí Tó Wà Lára Fàdákà

Láti ọjọ́ tí Akínfẹ́nwá ti hú owó fàdákà àtijọ́ kan nínú àlàpà ni ibà ti dá ọmọ rẹ̀ dùbúlẹ̀. Ó fẹ́ mọ ọba tó ni ín, kó lè dá a padà. Ó tẹ́ bébà lé e, ó fi pẹ́ńsù kùn ún jẹ́jẹ́. Orí ọkùnrin kan yọ, ó kọjú sí apá òsì. Àmọ́ lẹ́tà tó wà ní etí owó náà kò hàn, ló bá fi bébà mìíràn kùn ún. Lórí èyí, orí náà ti yíjú sí i.

“Bàbá Àríkẹ́, owó náà lẹ ṣì ń wò?” ìyàwó rẹ̀ ké láti yàrá. “Ara ọmọ ti ń tutù o!”

Ó kun bébà kẹta. Kò sí orí níbẹ̀ mọ́.

Àríkẹ́, tí kò fọhùn láti ọjọ́ mẹ́ta, wá sọ̀rọ̀ nínú yàrá: “Màámi, ta ni bàbá tó jókòó tì mí yìí?”